Ẹni Tó Jókòó Síbi Tí Mo Gbé Gíà Sí

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Àwọn kan wà tí wọn ò lè gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá kí wọ́n má rí òkú. Èmi kọ́. Mẹkáníìkì ni mí. Bí ohun kan bá ń dún nínú mọ́tò, bóòtù kan ló ti tú. Bó bá ń rùn, òróró ló ń jò tàbí wáyà ló ń jóná. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí l'Abẹ́òkúta, mi ò sì pa irọ́ fún oníbàárà rí, àfi èyí tí gbogbo mẹkáníìkì ń pa, pé "ẹ padà wá lọ́la, ó ti fẹ́ẹ̀ parí."

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín níwọ̀nba. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Mi ò sì mu ohunkóhun ju gààrí lọ.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò Bàbá Ṣàkírù ni. Bàbá yìí ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, ilé wọn wà ní Igbein. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun sì ni àgbà pátápátá nínú agbo ilé wọn. Píjò àtijọ́ kan ló ní, funfun tó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ó ti tó ogójì ọdún tí ó ti ń wà á.

Ara irú èyí tí gíà rẹ̀ wà lára sítíárìn ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Abẹ́ sítíárìn ni ọ̀pá gíà ti yọ, ẹ ó nawọ́ sókè, ẹ ó fà á mọ́ra, ẹ ó tì í. Nítorí pé gíà kò sí nílẹ̀, ìjókòó iwájú máa ń jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ bí bẹ́ńṣì, èèyàn mẹ́ta sì lè jókòó síbẹ̀: dẹ́rẹ́bà, ẹni àárín, ẹni ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí Bàbá. Àkọ́kọ́, irin tó so ọ̀pá gíà yẹn mọ́ abẹ́ mọ́tò ti jẹ, gíà á kàn há láàárín ọ̀nà, kò ní wọlé, kò ní jáde. Mo ti wá irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ta àlòkù tí mo mọ̀, kò sí. Ìkejì, ejìká ọ̀tún Bàbá kò gbé sókè mọ́. Ọjọ́ tí gíà há mọ́ ọn lọ́wọ́ kẹ́yìn, tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fun fèrè. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ṣàkírù ọmọ rẹ̀ tó ń gbé l'Ékòó gbọ́, ó wá, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á ta mọ́tò náà.

Ẹ lè máa rò pé kí ló ṣe pàtàkì nínú mọ́tò tó ti gbó. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Ìyàwó Bàbá, ìyá Ṣàkírù, kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀, òun ni Bàbá sì ń pè é. Ìyá yẹn ló ń rẹ aṣọ ní aró, Bàbá ló ń tà á. Oko wọn ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́ ni wọ́n sin ín sí, nítorí ó sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàbá máa ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀, á ro ojú oórì, á gbàdúrà, á jókòó díẹ̀, á padà. Ejìká yẹn kò jẹ́ kó lè di ọ̀kadà mú, ibi tí bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń já èèyàn sí jìnnà sí oko. Bí mọ́tò bá lọ, Bàbá kò ní rí ìyàwó rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. "Wọ́n ní o lè gbé gíà sọ̀kalẹ̀ láti ara sítíárìn," ló wí. "Bó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò ní máa gbé apá mi sókè. Èmi àti Ṣàkírù ti ṣe àdéhùn. Tí mo bá lè wà á dé Kọ́bapẹ́ kí n sì padà lọ́jọ́ Sátidé, kí gíà má há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní sọ ọ̀rọ̀ títà mọ́. Tó bá há, ó ti tà á."

Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ sùn. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹnu mi dùn nígbà yẹn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo ra gíà ilẹ̀ lára Píjò mìíràn tó ti kú. Mo gé ilẹ̀ mọ́tò lórí gegele tó wà láàárín, wẹ́dà tó ń jó irin bá mi jó o, ó sì tọ́. Mo wá ìjókòó méjì tó dá dúró, ọ̀kan fún dẹ́rẹ́bà, ọ̀kan fún ẹni ẹ̀bá ilẹ̀kùn, nítorí ọ̀pá gíà á máa gba àárín wọn. Mo wá gbé kọ́ńsóòlù sí àárín méjèèjì, àpótí pẹlẹbẹ tí ọ̀pá gíà ń gbà yọ, tó ní ibi tí èèyàn lè gbé tẹsùbáà àti fóònù sí. Mo ní kí wọ́n fi awọ dúdú bò ó. Ó wuyì. Ẹ gbà mí gbọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́ tí mo yọ ìjókòó àtijọ́ síta, Bàbá wà níbẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí mo gbé e kalẹ̀ sí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí ti jìn. Àárín náà ti jìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ilẹ̀kùn, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an lánàá ni.

Mo ní, "Bàbá, ta ló jókòó sí àárín tó bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́ ni. Bí ẹ̀bá ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣófo, àárín ló ń jókòó. Ó ní atẹ́gùn fèrèsé máa ń kó eruku sí òun lójú. Irọ́ ló ń pa."

"Ìfẹ́ yín pọ̀ o," mo wí. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìjókòó náà lọ sẹ́yìn ọgbà, mi ò sì rò ó mọ́.

Jímọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀.

Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Rẹwáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, tí a jọ ń lo ọgbà ti lọ kírun, wẹ́dà ti lọ, ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà ti lọ. Èmi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì láàárín wa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, èmi àti àwọn mọ́tò nìkan la máa ń kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ máa ń yá nígbà tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ yá sípánà mi.

Mo wà níbi dẹ́rẹ́bà, mo ń de kọ́ńsóòlù mọ́lẹ̀. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ nítorí ooru. Ara mi ti kọjá sórí ìjókòó kejì, ẹsẹ̀ mi nìkan ló kù lápá ọ̀dọ̀ mi. Bóòtù méjì wà lẹ́nu mi, ojú mi wà nísàlẹ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀tún.

"Àgò o."

Ohùn obìnrin ni, jẹ́jẹ́, bí ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa ṣe? Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bó bá ti gbọ́ àgò, á ti dáhùn kó tó ronú. Ẹni tó ń bọ̀ ń tọrọ àyè, ẹni tó wà nínú ilé ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. A kì í bèèrè ẹni tó jẹ́ ká tó dá a lóhùn. Mi ò gbójú sókè rárá.

"Àgò yà," ni mo fi ẹnu tí bóòtù dí wí. Mo sì fà sẹ́yìn, mo fi ìjókòó sílẹ̀, kí ẹni náà lè ráyè.

Mọ́tò náà tẹ̀ sí ọ̀tún.

Mo fi Ọlọ́run búra. Sípíríńgì Píjò yẹn ti gbó, bí ẹran bá fara gbá a, ẹ ó mọ̀. Ó tẹ̀ bó ti máa ń tẹ̀ tí àgbàlagbà bá wọlé tó sì fìdí lélẹ̀. Fóòmù ìjókòó tuntun náà mí, fùùù. Lẹ́yìn náà ni òórùn aró dé, aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó aṣọ jáde nínú ìkòkò rẹ̀.

Mo gbójú sókè láti kí ẹni tó wọlé.

Kò sí ẹnì kankan.

Mo tu bóòtù sọ́wọ́. Mo jáde. Mo yí mọ́tò ká, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ọgbà ṣófo, àfi adìẹ kan tó ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lẹ́bàá táyà. Mo ní ooru ló ń dà mí láàmú. Mo bu omi sójú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, nítorí ọ̀la ni Sátidé, mo sì ti ṣèlérí.

Mo jókòó, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ń dán gíà wò. Ìkíní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta, ẹ ó tì í síwájú, ẹ ó gbé e sí ọ̀tún díẹ̀, síhà ibi tí ẹnì kejì jókòó sí. Mo tì í.

Ó dé àárín ọ̀nà, ó dúró.

Mo tún un ṣe. Ó dúró síbẹ̀ náà.

Kí gíà kọ̀ kò lè bà mí lẹ́rù, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni. Bó ṣe dúró ló bà mí lẹ́rù. Irin tó bá kan irin máa ń dún. Èyí kò dún. Ó rọ̀. Àfi bí ìgbà tí mo ń fi ọ̀pá gíà ti orúnkún ẹnì kan.

Mo wọ abẹ́ mọ́tò. Láti abẹ́, mo fi ọwọ́ mi fa irin gíà, ìkẹta wọlé wẹ́rẹ́, ìkẹrin wọlé. Mo padà sókè, kò wọlé. Mo lọ sísàlẹ̀, mo bọ̀ sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wá bínú, mo tú kọ́ńsóòlù kúrò pátápátá. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ tó lè dí ọ̀pá náà lọ́nà. Ó sì ń dúró síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ lásán.

Mo na ọwọ́ síbẹ̀.

Ó gbóná. Ó gbóná bí ibi tí èèyàn ti jókòó pẹ́.

Mi ò tijú sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé sípánà mi sínú mọ́tò. Mo lọ jókòó sórí táyà kan lẹ́bàá géètì títí àwọn yòókù fi ti mọ́ṣáláṣí dé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bí ìròyìn bá jáde pé òkú ń bẹ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ta ló máa gbé mọ́tò wá? Bàbá nìkan ni mo pè lórí fóònù.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé orí òórùn aró, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹsùbáà. Nígbà tí mo dé orí àgò, ó bojú jẹ́.

"Àgò kẹ̀?" ló wí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Àṣàkẹ́ kì í kágò kó tó wọ mọ́tò yìí. Kò ṣe é rí. Ta ló ń kágò wọ ilé ara rẹ̀?"

Omi lé sí i lójú.

"Àbí a ti sọ ọ́ di àlejò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi ni mo hú ìjókòó obìnrin kúrò, tí mo gé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo gbé àpótí ka ibẹ̀, tí mo tún ń yangàn pé ó wuyì. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ yàrá onílé.

Bàbá wọ mọ́tò, ó rọra pa ilẹ̀kùn méjèèjì dé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, mi ò wọlé. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí.

"Àṣàkẹ́, má bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ejìká mi ni, kò gbé mọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ, mi ò sọ. Bí mi ò bá ṣe é, ọmọ rẹ á ta mọ́tò yìí, èmi pẹ̀lú rẹ ò sì ní ríbi jókòó pọ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, sún sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ eruku. Màá yí gíláàsì sókè fún ọ."

Ó na ọwọ́ kọjá, ó ń mí hẹlẹ nítorí ejìká yẹn, ó sì yí gíláàsì ọ̀tún sókè títí ó fi dé òkè. Ó padà sí àyè rẹ̀. Ó dúró.

Mọ́tò mì díẹ̀. Fóòmù ìjókòó ọ̀tún mí.

Bàbá gbé ọwọ́ lé gíà. Ìkíní. Ìkejì. Ìkẹta, ó wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ bọ́tà. Ìkẹrin.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo de kọ́ńsóòlù padà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́, mò ń sọ ohun tí mò ń ṣe síta bí mo ti ń ṣe é. "Ìyá, mo fẹ́ de bóòtù yìí o. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀." Rẹwáyà bi mí bóyá mò ń ṣe fóònù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé mọ́. Ṣàkírù dé láàárọ̀, kò sì dá wá. Ó mú ọkùnrin kan dání tó ń kó pákó, tó fẹ́ ra mọ́tò náà.

Mo ní, "Àdéhùn tí ẹ̀yin àti Bàbá ṣe ńkọ́?"

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti tún gíà ṣe, ẹ ṣeun. Mọ́tò tí gíà rẹ̀ dáa, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn tà á."

Inú bí mi. Mo ti la ẹnu, Bàbá fọwọ́ kàn mí. "Jẹ́ kí ọkùnrin náà wà á wò," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Onípákó wọlé, ó ṣáná, ó jáde sí ojú títì iwájú ọgbà wa. Ìkíní, ìkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹran tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó lọ, ó bọ̀, gíà kejì náà ni. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ti ọ̀pá síwájú, mo sì rí ibi tí ọ̀pá ń dúró sí. Mo mọ ibẹ̀. Mo wo gíláàsì ọ̀tún. Ẹnì kan ti yí i wálẹ̀ dé ìdajì. Onípákó kò nawọ́ débẹ̀ rárá.

Ṣàkírù ní kò mọ gíà ilẹ̀ lò ni, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà lọ, ẹ́ńjìnnì ké mọ́ ọn lórí. Nígbà tó dé, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn.

Onípákó ní, "Ẹ má bínú. Gíà yìí ò dáa." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣàkírù kọjú sí mi. "Kí lẹ wá ṣe láti ọjọ́ Ajé? Àwọn onírin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra òkú mọ́tò ló kù tí màá pè báyìí."

"Ṣàkírù," Bàbá wí, "èmi ni mo ní màá wà á dé Kọ́bapẹ́. Mi ò ní kí ìwọ wà á. Wọlé."

Ṣàkírù lọ síbi ilẹ̀kùn iwájú.

"Ẹ̀yìn," ni Bàbá wí.

Ó wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. A jọ wọ ẹ̀yìn, òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún. Bàbá yí gíláàsì sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí Ṣàkírù rò pé àdúà ni. A gbéra.

Ẹ ò rí bí mọ́tò yẹn ṣe ń lọ! Ìkẹta, ìkẹrin, bí omi. Ọwọ́ Bàbá wà lórí gíà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ejìká rẹ̀ sinmi, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Inú mi dùn bí ẹni tó bí ìbejì. Nígbà tí a ti fi ìgboro sẹ́yìn ni Ṣàkírù tẹ̀ sí mi.

"Ọ̀gá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ẹ̀ ń gbóòórùn aró?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi apá aṣọ nu ojú. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ há mi mọ́ ibí."

Ibo ni mo fẹ́ sún sí? Ilẹ̀kùn ọ̀tún ni mo fara tì látìgbà tí a ti wọlé. Àlàfo tó wà láàárín èmi àti Ṣàkírù tó ẹni kan jókòó sí. Mo wo ibẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Mo fi ara mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa.

A dé oko, Bàbá gbàdúrà lójú oórì, a padà. Gíà kò há. Ṣàkírù dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láàárín ọgbà wa, lórí epo àti iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lo mọ́tò yín, Bàbá. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́." Ó bá mọ́tò mìíràn lọ s'Ékòó. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìtàn ayọ̀ ni mo sọ fún yín.

Nígbà tí Bàbá fẹ́ máa lọ sílé, òun nìkan ló wà nínú mọ́tò. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó súre fún mi títí. Ó yíjú sí ọ̀tún, ó ní, "Àṣàkẹ́, o wà dáadáa?" bí ọkọ ti í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣáná. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló bà á, ó kàn gún ara rẹ̀ jókòó, bí ọmọ tí àgbà bá lójijì. Ó tẹ orí ba díẹ̀ sí dígí náà.

"Ẹ jókòó dáadáa o," ló wí. "A ti ń lọ."

Ó gbéra.

Ẹ. Mo dúró lẹ́bàá géètì, mò ń rò ó. Bàbá kì í pe èmi ní ẹ. Kì í pe Ṣàkírù bẹ́ẹ̀, kì í pe ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni àgbà gbogbo wa. Àgbà tó ju èèyàn lọ là ń pè ní ẹ, tàbí èèyàn tó bá ju ẹyọ kan lọ. Èwo ló wà lẹ́yìn mọ́tò yẹn? Bàbá sì ti sọ ọ́ fún mi pé ìyàwó òun kì í kágò. Ta wá ni mo dá lóhùn lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn, tí mo tún fà sẹ́yìn fún?

Ó ṣì ń gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi. Ara rẹ̀ yá, ó tún sanra sí i. Inú mi ń dùn tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n mi ò bi í, kò sì sọ fún mi. Tí mo bá sì fẹ́ tún nǹkan ṣe lẹ́yìn mọ́tò náà, ẹ̀yìn ìgbà tí Bàbá bá ti jáde tó sì mú tẹsùbáà rẹ̀ kúrò, bóyá ẹni náà á bá a sọ̀kalẹ̀, ni mo tó ń ṣí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú sí ẹ̀kọ́ ilé o. Ẹ máa dá àgò lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Tí ẹ ò bá rí ẹni tó kágò, ẹ pa ẹnu mọ́, kódà bí ohùn náà bá dùn bí ti ìyá yín. Ẹni tí mo yọ̀ǹda àyè fún ṣì jókòó síbẹ̀, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ní kó dìde.